Mósè Orímọládé, Bàbá Aládùúrà

Nínú ayọ̀ àti ìbẹ̀rù papọ̀ ni a bí Mósè Orímọládé Túnọláṣe, ẹni tí ibojì rẹ̀ wà ní Òjòkòrò, lẹ́yìn Agége, títí di òní. Ìlú Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1879. Ọmọ ọba ni í ṣe. Túnọláṣe, baba rẹ̀, jẹ́ jagunjagun, ó sì tún jẹ́ babaláwo. Odijoroto ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìgbàgbọ́ Kristi kò tí ì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Àkókó nígbà náà, ṣùgbọ́n onísìn ni àwọn ará ilé náà. Bí aboyún bá wà ní ilé babaláwo, a kì í ṣàì bi Ifá léèrè irú ọmọ tí ń bọ̀, irú ẹbọ tí ó yẹ ní rírú, àti ohun tí ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ. Ilé tí a ti ń fi àdúrà retí ọmọ ni Orímọládé wá.

Ìtàn tí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń sọ láti ìran dé ìran ni pé kí a tó bí i ni àmì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ lọ ṣẹ́gi nínú igbó nígbà tí oyún náà ti dàgbà. Igi tí ó dì wúwo jù ú lọ, kò sì sí ẹni tí yóò gbé e rù ú. Níbi tí ó dúró sí tí ó ń ronú ni ó ti gbọ́ ohùn kan láti inú ara òun tìkára rẹ̀, tí ó ń sọ ọ̀nà tí yóò gbà gbé ẹrù náà. Ó gbé e, ó sì délé pẹ̀lú ìpayà. Nígbà tí ó ròyìn fún ọkọ rẹ̀, Túnọláṣe kò fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa túmọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ tí ń bọ̀ kì í ṣe ọmọ lásán.

Wọ́n tún ní, ní ọjọ́ tí a bí ọmọ náà gan-an, ó fẹ́ dìde dúró kí ó sì máa rìn. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin bá wọ ilé, ìdùnnú ni ó yẹ kí ó gba ibẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni ó gba ilé Túnọláṣe. Bí ìkókó tí a kò tí ì sọ lórúkọ bá ń dìde rìn, kí ni aráyé yóò pè é? Baba náà lo agbára tí ó ní. Ó fi ọfọ̀ àti oògùn dá ọmọ náà padà sílẹ̀ kí ó lè ṣe bí ọmọ tuntun ti í ṣe. Ọmọ náà sì rọlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tó tí ó yẹ kí ó rá, kí ó dìde, kí ó fi ọwọ́ ti ògiri rìn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Ẹni tí ó bá wù lè gba ìtàn yìí gbọ́ bí a ti ń sọ ọ́. Ẹlòmíràn sì lè kà á sí ọ̀nà tí àwọn àgbà gbà láti ṣàlàyé ohun tí ó dùn wọ́n. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé arọ ni Orímọládé ní ìgbà èwe rẹ̀. Ohun kan yẹ ní kíkíyèsí nínú ìtàn náà pẹ̀lú: kò sọ pé baba kórìíra ọmọ. Baba fẹ́ kí ọmọ òun dà bí ọmọ gbogbo ayé ni, ìfẹ́ yẹn gan-an ni ó sì di ọmọ náà lẹ́sẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, bí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tàbí àìsàn mìíràn bá mú ọmọdé lẹ́sẹ̀, ọwọ́ òbí ti tó ilẹ̀. Ọdún 1955 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 2020 ni a sì tó kéde pé kòkòrò àrùn náà tí ó wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Ọmọ tí irú rẹ̀ bá ṣe láyé Túnọláṣe, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni yóò wà nígbà tí ó ti yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni a ó gbé e sí ní alẹ́ kí ó lè máa wo àwọn tí ń ṣeré òṣùpá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Orímọládé fi wà bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ kí ó tó bí i ni ó wá ń gbé ọmọ náà láti ibì kan dé ibòmíràn.

Nígbà tí àwọn oníwàásù ìjọ C.M.S. ti dé Ìkàrẹ́, tí wọ́n sì ti kọ́ ilé ìsìn St. Stephen sí ibẹ̀, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí ó gbé orúkọ ọmọ náà dé etí àwọn onígbàgbọ́. Ní òru ọjọ́ kan, alúfàá ìjọ náà rí ìmọ́lẹ̀ nínú ilé ìsìn, ó sì gbọ́ orin bí ẹni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kún inú rẹ̀. Ó lọ wò ó. Kò bá ẹnìkan níbẹ̀ bí kò ṣe Orímọládé kékeré tí ó jókòó sí ilẹ̀. Báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìkàrẹ́, ìtàn náà sì ni a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó bá fẹ́ fi hàn pé Ọlọ́run ti yan ọkùnrin náà láti kékeré. Bí ẹni tí ẹsẹ̀ kò gbé ṣe dé ilé ìsìn lóru kò sí nínú ohun tí wọ́n ń ṣàlàyé.

Ó dàgbà nínú àìlera náà. Nígbà tí ó wá di ọkùnrin, ó ríran kan. A fún un ní àwọn ohun ọlá nínú ìran náà, ọ̀pá sì wà nínú wọn; a sì sọ fún un pé kí ó fi omi odò tí ń ṣàn wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dìde. Ṣùgbọ́n ìwòsàn náà kò pé tán. Títí ó fi kú ni ó ń tiro, ọ̀pá kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni ó yà á sọ́tọ̀ láàrin àwọn oníwòsàn tí a ti gbọ́ ìròyìn wọn: ẹni tí àwọn aláìsàn ń tọ̀ wá fún ìwòsàn ni ó ń tiro jáde wá pàdé wọn. Àwọn ẹlẹ́gàn a máa fi èyí bú u. Àwọn aláìsàn kò kà á sí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n tilẹ̀ fẹ́ràn ẹni tí ó mọ bí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ti rí.

A ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Mósè. Kò kàwé, síbẹ̀ Bíbélì wà lórí rẹ̀ débi pé bí ó bá ń wàásù, orí àti ẹsẹ̀ ni yóò máa dárúkọ láìwo ìwé. Kò fẹ́ ìyàwó. Ó fi Ìkàrẹ́ sílẹ̀, ó sì ń rìn káàkiri àwọn ìlú Àkókó láti wàásù. Láti ibẹ̀ ó dé ilẹ̀ Bìní, ó dé Kàbbà àti Lọ́kọ́ja, ó sì tún kọjá síwájú ní ilẹ̀ Òkè Ọya. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá pé ni ó rin ìrìn àjò wọ̀nyí. Bí ó bá dé ìlú kan, kì í dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìjọ tí ó bá wà ní ìlú náà ni yóò ní kí àwọn tí ó bá yí padà dara pọ̀ mọ́. Ó ń bá àwọn abọ̀rìṣà àti àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé oògùn wí, òun ọmọ babaláwo. Ó sì ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Nítorí àdúrà yìí ni a ṣe ń pè é ní Bàbá Aládùúrà, orúkọ tí ó borí èyí tí baba rẹ̀ sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1924, Orímọládé wọ Èkó. Ọ̀dọ̀ aṣọ́nà ilé ìsìn Holy Trinity ní Ebute Ẹ̀rọ̀ ni ó dé sí. Láìpẹ́, àwọn ènìyàn ti ń wá a kiri láti ìjọ kan dé èkejì, nítorí ó máa ń wàásù ní ilé ìsìn èyíkéyìí tí ó bá gbà á láyè.

Kò sí bí ìròyìn aládùúrà kò ṣe ní tètè tàn ní Èkó ní ọdún náà. Àjàkálẹ̀ àrùn lukutu ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọdún 1918, egbò rẹ̀ kò sì tí ì jinná lọ́kàn àwọn ará ìlú. Ní ọdún 1924 yìí kan náà ni àrùn mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀, èyí tí kòkòrò kéékèèké ara eku ń gbé kiri, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá títí di nǹkan bí ọdún 1931. Ìjọba ń wó ilé ní àwọn àdúgbò tí ó há, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ń wọ ilé wò. Dókítà wà ní ìlú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí dókítà pàápàá lè ṣe kò pọ̀. Oògùn penicillin, tí ó wá gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ikú lẹ́yìn náà, ọdún 1928 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ó sì di nǹkan bí ọdún 1941 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo ènìyàn. Nítorí náà, bí ibà bá mú ọmọ ní ìdílé onígbàgbọ́ ní Èkó, tí kínínì kò sì ràn án, òbí kò ní ọ̀nà púpọ̀ mọ́. Ó lè padà sí ọ̀dọ̀ adáhunṣe tí ìjọ rẹ̀ kọ̀ fún un láti lọ bá, tàbí kí ó kúnlẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, wàhálà yìí wọ ilé ìdílé kan tí ó jẹ́ ti ìsìn pátápátá.

Alúfàá ni Akínṣọ̀wọ́n, baba Christiana Àbíọ́dún. Ọdún 1907 ni a bí ọmọbìnrin náà, ó sì ti di omidan nígbà tí à ń wí yìí. A tọ́ ọ ní ilé ìwé àti nínú ìjọ, bí a ti ń tọ́ ọmọ àwọn onígbàgbọ́ tí ó rí jájẹ ní Èkó, ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ kan ní ìlú náà ni ó sì ń gbé. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ ọdún ni a bí i. Ọmọ tí ó bá ń jẹ́ Àbíọ́dún, ìdùnnú méjì ni ó wá bá àwọn òbí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan náà, ọdún tí wọ́n ń ṣe àti ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀ mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí ó lè rò pé ọjọ́ ọdún mìíràn ni ìpọ́njú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí àwọn Àgùdà ń pè ní Corpus Christi, èyíinì ni ọdún Ara Olúwa, jẹ́ ọdún tí gbogbo Èkó ń jáde wò láìka ìjọ sí. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó padà dé láti Brazil ni ó pọ̀ jùlọ nínú ìjọ Àgùdà, agbègbè tí wọ́n tẹ̀dó sí ni Campos Square wà. Ní ọjọ́ náà, àwọn alúfàá a máa gbé ara Olúwa káàkiri ìgboro lábẹ́ ìbòrí aláṣọ tí a fi ọ̀pá gbé sókè. Àwọn ọmọdé a wọ aṣọ funfun, àwọn akọrin a máa kọrin, àwọn onígbàgbọ́ a kúnlẹ̀ bí ìbòrí náà bá ń kọjá, àwọn òǹwòran a sì kún ẹ̀bá ọ̀nà. Àbíọ́dún wà lára àwọn òǹwòran náà. Ọmọ ìjọ mìíràn ni òun, ìran ni ó wá wò.

Ohun tí ó sọ lẹ́yìn náà ni pé òun rí áńgẹ́lì kan lábẹ́ ìbòrí náà, ẹni tí àwọn yòókù kò rí, áńgẹ́lì náà sì bá òun lọ sí ilé. Ohun tí àwọn ará ilé rí yàtọ̀. Wọ́n rí ọmọ tí ó fi ẹ̀rín jáde lọ wo ọdún tí ó padà wálé tí ara rẹ̀ kò yá, tí ó dùbúlẹ̀, tí kò sì mọ ẹni tí ń pè é mọ́. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, kò jí. Kò kú, nítorí èémí rẹ̀ ń lọ. Kò sì sí bí ènìyàn ti lè sọ pé ó ń sùn.

Ìpọ́njú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ilé abọ̀rìṣà ni Orímọládé ti ṣàìsàn ní tirẹ̀, baba rẹ̀ sì mọ ẹni tí yóò bi léèrè. Ilé alúfàá kò lè gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń wàásù fún ìjọ pé kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nìkan ni ojú gbogbo ìjọ yóò wà lára rẹ̀ bí ọmọ tirẹ̀ bá dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àdúrà tí a ń kà láti inú ìwé, tí ó ti tó wọn tẹ́lẹ̀ fún òwúrọ̀ àti àṣálẹ́, dà bí ẹni pé kò kan ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ yìí. Ní òde, àwọn ará àdúgbò ṣì ń sọ bí ọdún náà ti dùn tó.

Ẹnìkan rántí aládùúrà tí ń gbé ní ìlú. A ránṣẹ́ pè é. Orímọládé wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ inú yàrá tí ọmọ náà wà, ó sì gbàdúrà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Àbíọ́dún fi la ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìlú ọ̀run tí ó ní a mú òun lọ, àti àwọn ẹ̀dá tí òun rí níbẹ̀.

Àwọn oníṣègùn òde òní ní orúkọ fún irú ipò tí ọmọ náà wà, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn pẹ̀lú sì ní ohun tí wọn yóò sọ nípa omidan tí ó ríran ní àárín orin àti tùràrí. Kò sí èyí tí ó yí ohun tí ilé náà rí padà. Ọmọ tí wọ́n ti ń sunkún rẹ̀ jókòó, ó sì ń sọ̀rọ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìdùnnú ti padà wọ ilé tí ìbẹ̀rù gbà, ó sì mú èrò wá. Àwọn ènìyàn ń wọ́ wá láti gbọ́ ẹnu ọmọ náà àti láti rí ọkùnrin tí ó gbàdúrà. Àwọn tí ó wá wò ó dúró láti gbàdúrà. Àwọn tí ó ní aláìsàn nílé mú aláìsàn wọn wá.

Báyìí ni ẹgbẹ́ àdúrà kan bẹ̀rẹ̀, tí kò sí ẹni tí ó jókòó ṣètò rẹ̀. Kì í ṣe ìjọ ni wọ́n pè é ní ìbẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù ń lọ sí ilé ìsìn tirẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ń pàdé ní àwọn ọjọ́ mìíràn láti gbàdúrà àti láti sọ àlá àti ìran tí wọ́n bá rí. Lẹ́yìn ààwẹ̀ àti àdúrà, wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ní orúkọ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1925: Ẹgbẹ́ Séráfù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Kérúbù kún un. Wọ́n mú Máíkẹ́lì Olú Áńgẹ́lì ní balógun wọn. Wọ́n ń wọ aṣọ funfun, wọ́n sì ń tò lọ ní ìgboro pẹ̀lú orin. Ẹni tí ó bá ti rí ìtòlọ Àgùdà ní Campos Square kò lè ṣàì rántí rẹ̀ bí ó bá rí tiwọn.

Ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ náà tètè gbilẹ̀ ni pé ó wọ inú ìpọ́njú inú ilé lọ. Obìnrin tí ń wá ọmọ, ìyá tí àbíkú ń yọ lẹ́nu, baba tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí ibà, gbogbo wọn rí ibi tí a ti lè sọ̀rọ̀ wọn jáde ní èdè tí wọ́n gbọ́, láàrin ènìyàn tí yóò bá wọn ṣọ́ òru. Ilé ìsìn àwọn òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè fún irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ọjọ́ ayọ̀ pẹ̀lú ní àyè tirẹ̀: bí ọmọ bá yè, ìdílé a mú ọrẹ ìdúpẹ́ wá síwájú gbogbo ẹgbẹ́. Kò yẹ kí a fi ara pamọ́ fún òtítọ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni a gbàdúrà fún tí kò yè. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn mìíràn wà láàrin àwọn aládùúrà ìgbà náà tí ó kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀, ohun tí ó fa àríyànjiyàn líle láàrin àwọn àti ìjọba àti àwọn ìjọ mìíràn.

Ní ọdún 1927, Àbíọ́dún, tí a ti ń pè ní Kápútéènì, kó àwọn kan lẹ́yìn rìn káàkiri ìlú ilẹ̀ Yorùbá láti wàásù, ẹgbẹ́ náà sì ta gbòǹgbò ní ibi púpọ̀ nípasẹ̀ ìrìn àjò náà. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Obìnrin tí ń wàásù fún àwọn ọba àti ìjòyè jẹ́ ohun tuntun, èrò a sì máa jáde láti wò ó. Orímọládé ní tirẹ̀ wà ní Èkó, ó ń gbàdúrà.

Bí ẹgbẹ́ náà ti ń tóbi ni ọ̀rọ̀ ta ni olùdásílẹ̀ rẹ̀ ń di ohun tí a ń fọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ṣé ẹni tí ó gbàdúrà ni, tàbí ẹni tí a gbàdúrà fún tí ó sì ríran? Àwọn alátìlẹ́yìn Àbíọ́dún ní àwọn méjèèjì ni. Àwọn alátìlẹ́yìn Orímọládé ní òun nìkan ni. Àwọn àgbà gbìyànjú láti bá wọn parí rẹ̀, kò parí. Ní ọdún 1929, Orímọládé kọ ìwé sí Àbíọ́dún pé kí ó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ pín sí méjì, ní ọdún 1930 ó sì tún pín. Ìdílé wà tí ọkọ lọ sí apá kan tí aya sì wà ní apá kejì. Nínú gbogbo ohun tí ó bá Orímọládé ní Èkó, bóyá ni èyí kò dùn ún jùlọ, nítorí pé ọmọ tí òun pè jí ni òun sì tún rán lọ.

Ìgbà tí ọ̀ràn wọ̀nyí ń lọ ni orúkọ Òjòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ orúkọ rẹ̀. Lónìí, Òjòkòrò wà nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfàkò-Ìjàyè, tí a yọ kúrò lára Agége ní ọdún 1996. Ilé ti so mọ́ ilé ní ibẹ̀, ilé iṣẹ́ àti ọjà kún ojú ọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ayé Orímọládé. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba Agége kọjá, ohun tí ó sì ń kó jáde láti ibẹ̀ ni kòkó àti obì. Ní Ìfàkò ni Jacob Kẹ́hìndé Coker ní oko kòkó rẹ̀, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó fi ìjọ St. Paul ní Breadfruit sílẹ̀ ní ọdún 1901 láti dá ìjọ African Church sílẹ̀. Ìsìn àti oko sì jọ ń rìn pọ̀ ní agbègbè náà. Ní Ìjú tí kò jìnnà ni ìjọba ti ń fa omi tí ó ń lọ sí àwọn ilé Èkó. Òjòkòrò gan-an, ní ọ̀nà àtijọ́ tí ó lọ sí Abẹ́òkúta, jẹ́ abúlé láàrin oko àti igbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà láìsí ariwo ẹjọ́ àti àríyànjiyàn lè rí ìsinmi níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni Orímọládé kú sí ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1933, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta tàbí lágbedeméjì bẹ́ẹ̀. Kò ní ọmọ tí yóò sin ín. Àwọn tí ó ti gbàdúrà fún, àti àwọn tí ó ti gbàdúrà fún ọmọ wọn, ni ó sin ín sí Òjòkòrò. Ó ti yan Abraham Onanuga láti rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Peter Ọmọ́jọlá, pẹ̀lú ní àwọn tí ó tì í lẹ́yìn, aáwọ̀ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ lórí ibojì tí erùpẹ̀ rẹ̀ kò tí ì gbẹ.

Aáwọ̀ kò dá ẹgbẹ́ náà dúró. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù wà káàkiri Nàìjíríà, ní ilẹ̀ Benin, ní Ghana, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ kò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin wọn. Àwọn ẹ̀ka tí kò jọ ń sìn pọ̀ ni ó ń wá sí ibojì Òjòkòrò láti ọdún dé ọdún. Wọ́n ń wọ aṣọ funfun, wọ́n bọ́ bàtà, àwọn ìyá sì ń gbé ọmọ wọn pọ̀n, èyí tí ara rẹ̀ yá àti èyí tí kò yá.

Àbíọ́dún, ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ bí òkú ní ọjọ́ wọnnì ní ọdún 1925, lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta sí i láyé lẹ́yìn Bàbá Aládùúrà. Ọdún 1994 ni òun tó kú.